Orin Agogo Tí Màmá Ń Dá Lóhùn

Ilé Bámijókò,
Àdúgbò Àfàò,
Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì,
Ìpínlẹ̀ Èkìtì.

Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù Kejì, ọdún 2000.

Ládépọ̀, àbúrò mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ rẹ tí n kò fojú rí rí. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá ọ nínú àlàáfíà ara, nítorí àlàáfíà ara rẹ ti ná wa ní ohun púpọ̀ níbí, wàá sì rí ìṣirò rẹ̀ bí o bá kà á dé ìsàlẹ̀. Èmi àti àwọn ọmọ mi wà. Ẹ̀rọ ìlọta mi ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá wà. Màmá wà láàyè. Mo fi Màmá sí ìkẹyìn nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni ìwọ ṣe nínú lẹ́tà tìrẹ. Ojú ewé mẹ́rìnlá lo kọ, "Bá mi kí Màmá" ló sì gbẹ̀yìn, o fún un mọ́ ìsàlẹ̀ orúkọ rẹ níbi tí àyè ṣẹ́kù sí nínú bébà.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti àpò ìwé rẹ. O kọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó sí i. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí a ti kúrò lára Oǹdó, Ládépọ̀. Lẹ́tà rẹ lọ sí Àkúrẹ́, ó sùn níbẹ̀ títí ẹnì kan fi ṣàánú rẹ̀ tó fi bírò pupa kọ Èkìtì sí i lórí. Rédíò làwa fi gbọ́ nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀. O ní gbogbo ayé ni ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ rédíò yín ní ìlú òyìnbó ń bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ gbogbo ayé sì ń gba orí òpó yín kọjá. Tiwa náà á ti gbabẹ̀ kọjá, kò kàn yà sí etí rẹ ni.

O ní àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ fẹ́ pàdé ní oṣù Karùn-ún, ẹ sì fẹ́ tẹ ìwé kan jáde nípa ìtàn ilé iṣẹ́ yín kí ẹ má baà di ẹni ìgbàgbé. O ní kí n kọ ojú ewé kan ránṣẹ́ nípa ohun tí àwọn ará ilé rántí nípa ohùn yín. O tún ní kí n di rédíò Màmá sínú páálí kí n fi ránṣẹ́, kí àwọn òyìnbó lè rí ibi tí o fi ọ̀dà pupa sàmì sí. Mo béèrè iye tí yóò ná wa ní ilé ìfìwéránṣẹ́. Owó náà tó ra bẹ́líìtì tuntun fún ẹ̀rọ mi, ìyókù á sì tún bọ́ ilé yìí fún ọ̀sẹ̀ méjì. N kò fi ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìrántí kò wúwo, ìyẹn ni mo kó sínú ìwé yìí. Bí ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, ẹ má yọ nǹkan kan kúrò níbẹ̀.

Ọdún 1983 tí o wá sin Bàbá ni gbogbo rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀la kí o padà, o gbé rédíò jáde nínú àpótí rẹ. O fa wáyà kan láti ojú fèrèsé Màmá lọ sórí igi gúáfà, nítorí o ní Òkè Ọlọ́sùnta ń dínà fún ohùn. O mú ọ̀dà èékánná kékeré kan jáde, mo rò pé ti ìyàwó rẹ ni, o fi kán àmì pupa méjì sí ojú rédíò náà. O ní ọ̀kan wà fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, èkejì fún ìgbà òjò, nítorí ohùn yín máa ń ṣí kúrò níbi tó wà bí ojú ọjọ́ bá yí padà. Lẹ́yìn náà o jókòó ti Màmá. Mo wà lẹ́nu ọ̀nà, mò ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, mo sì gbọ́ ohun tí o sọ.

O ní, "Màmá, kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀, ẹ ó máa gbọ́ orin agogo kan. Èmi nìyẹn. Ọ̀dọ̀ mi níbi iṣẹ́ ló ti ń jáde. Bí ẹ bá ti ń gbọ́ ọ, ẹ mọ̀ pé mo wà níbẹ̀, ara mi sì le. A ò ní máa da ara wa láàmú lórí lẹ́tà mọ́."

Lọ́jọ́ kan náà o ṣèlérí pé wàá pààrọ̀ páànù ẹ̀yìnkùlé, pé wàá máa wálé ní ọdún méjì méjì, pé wàá mú àwọn ọmọ wá kí wọ́n lè mọ ilé bàbá wọn. Nínú gbogbo rẹ̀, ti lẹ́tà yẹn nìkan lo mú ṣẹ. O kò da ara rẹ láàmú lórí rẹ̀ mọ́ lóòótọ́. Páànù ẹ̀yìnkùlé, èmi ni mo pààrọ̀ rẹ̀.

Ohun tí ará ilé rántí nìyí, kọ ọ́ sílẹ̀. Bí aago méje ìrọ̀lẹ́ bá ń bọ̀, Màmá á bọ́jú, wọ́n á wé gèlè, wọ́n á jókòó ti rédíò bí ẹni tó ń retí àlejò. Orin agogo yín á bẹ̀rẹ̀, Màmá á sì dá a lóhùn. Wọ́n á fi oríkì rẹ pè ọ́, wọ́n á ní, "Àjàgbé, o kú iṣẹ́ o. Ṣé o ti jẹun? Wọ ẹ̀wù tó nípọn. Má jókòó sójú afẹ́fẹ́." Orin á tún lọ, Màmá á tún sọ̀rọ̀. Bí òyìnbó yín bá ti wá la ẹnu láti ka ìròyìn, Màmá á pa rédíò. Èmi ni mo kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, nítorí bátìrì. Nítorí náà, gbogbo ìròyìn tí ẹ fi ń yangàn pé ẹ gbé ká gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà, kò sí ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ tó délé Bámijókò rí. Òyìnbó yẹn kò sọ ju "This is" lọ tí a fi ń pa á lẹ́nu mọ́.

Àwọn ìrọ̀lẹ́ kan wà tí ohùn náà á máa ha, tí á máa kùn bí ìgbà tí wọ́n ń dín àkàrà. Màmá á ní ọ̀fìnkìn ló ń ṣe ọ́. Wọ́n ní kí n kọ̀wé sí ọ pé kí o fi àdí àgbọn pa àyà. Mo kọ ọ́, mo sì lẹ sítáńpù mọ́ ọn. O kò fèsì. Mo mọ ìdí rẹ̀ wàyí. Irin kò ní àyà tí wọ́n ń fi àdí pa.

Moses, tíṣà sáyẹ́ǹsì tó ń gbé nínú yàrá rẹ, gbìyànjú nígbà kan láti là wọ́n lóye. Kí èyí má yà ọ́ lẹ́nu, yàrá tí ènìyàn kì í sùn sí kò gbọdọ̀ ṣófo lásán, ó sì ń sanwó déédéé. Ó ní, "Màmá, àwọn tó wà nídìí òpó kì í sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Iná ni wọ́n ń ṣọ́." Màmá wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n ní, "Tíṣà, ìwọ lo bí i ni, àbí èmi?" Moses tọrọ àforíjì. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé tó bá wọn lẹ́nu rẹ̀, òun náà á ní, "Ẹ bá mi kí bùrọ̀dá."

Ní ìparí oṣù Kẹta ọdún tó kọjá, orin náà kò wá. A kò fòyà lọ́jọ́ kìíní. Mo rò pé òjò ló ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo sún abẹ́rẹ́ rédíò lọ sórí àmì kejì. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Moses wá a láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. A rí àwọn Lárúbáwá, a rí àwọn tó ń kọrin bí ológbò, a kò rí ọ. Màmá ní bóyá wọ́n fún ọ ní ìsinmi. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ ń gun orí ọ̀sẹ̀, wọn kò sọ ìyẹn mọ́. Wọn kò jẹ́ kí a pa rédíò náà mọ́ ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n á jókòó tì í, yóò máa hó, wọ́n á máa wò ó. Ìgbà yẹn ni n kò ka iye bátìrì tí mo ń rà, ìwọ sì mọ̀ mí.

Mo kọ lẹ́tà sí ọ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan sọnù. Èkejì padà wá pẹ̀lú òǹtẹ̀ òyìnbó lára rẹ̀, pé ẹni tó ń jẹ́ orúkọ yìí kò sí níbẹ̀ mọ́. Mo lọ sí Adó láti fi tẹlifóònù pe nọ́ńbà tí o fún wa ní ọdún 1983, kò lọ. Àṣé ẹ ti kó kúrò nínú ilé tí ilé iṣẹ́ fún yín. O kọ ọ́ sí ojú ewé kọkànlá, o ní ilé tuntun yín ní ọgbà òdòdó. Mo bá òdòdó náà yọ̀.

Ọjọ́ tí lẹ́tà náà padà, Màmá gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ̀wé. Wọ́n ní, "Àjàgbé ti lọ." Wọn kò pariwo. Wọ́n wọlé, wọ́n mú aṣọ dúdú tí wọ́n fi ṣọ̀fọ̀ Bàbá jáde nínú àpótí, wọ́n wọ̀ ọ́. O mọ̀ bí a ti í ṣe é bí ọmọ bá ṣáájú ìyá. A kò ṣe ìnáwó, a kò sè. Àwọn ènìyàn ń wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń jókòó sórí ẹní, wọ́n ń wo ilẹ̀, wọ́n ń dìde lọ. Ní oṣù Kọkànlá, nígbà tí ìjọ ń rántí àwọn tó ti sùn, Bàbá Fáníyì kátíkíìsì ka orúkọ rẹ mọ́ wọn, Ládépọ̀ Bámijókò, láàárín ẹni tí ejò bù jẹ àti ìyá arúgbó kan. Èmi ti ẹ̀rọ mi pa fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan nínú oṣù Kìíní ni Moses mú lẹ́tà rẹ dé. Mo rí ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ lára àpò ìwé, inú ata oníbàárà ni mo lọ jókòó sí. Mo san owó ata náà. Mo sáré wọlé, mò ń pariwo, "Màmá, Ládépọ̀ kò kú! Ó kọ̀wé!" Màmá kò dìde. Wọ́n ní, "Ta ló kọ ọ́?" Mo ní ìwọ fúnra rẹ ni. Wọ́n ní, "Kà á. Má fo ibì kankan."

Ayọ̀ kò jẹ́ kí n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, èmi tí kì í ra kéròsìn láìṣí ìdérí rẹ̀ gbóòórùn. Mo ń kà á lọ ní òyìnbó, mò ń sọ ọ́ ní Yorùbá. Mo ka ti òpó mẹ́rìnlélógún tí orí wọn ń wọ inú ìkùukùu. Màmá ní kí n tún un kà. Mo ka ti àgùntàn tó ń jẹko lábẹ́ wọn, Màmá béèrè bóyá ìwọ ló ń sìn wọ́n. Mo ka ti ọ̀ọ́dúnrún kílówáàtì lórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ ìlọta tèmi kò tó mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ mìíràn sì wà tí iná kò ní dé rárá. Mo ṣírò rẹ̀ nínú ọkàn mi bí mo ti ń kà á lọ. Ẹyọ ẹ̀rọ yín kan ì bá lọ ata Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, títí dé Òde-Èkìtì lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wá fi gbogbo rẹ̀ gbé ohùn ọkùnrin kan tí àwa ń pa lẹ́nu mọ́. Mo ka ti bí wọ́n ṣe ti ilé iṣẹ́ náà pa ní oṣù Kẹta, àti ti ọjọ́ tí wọ́n wó òpó, bí ẹ̀yin àgbàlagbà ṣe dúró nínú koríko tí ẹ ń sunkún. Ẹ sunkún irin. Màmá sì ń mi orí, ojú wọn ń tàn, wọ́n ń sọ pé, "Ọmọ mi ṣiṣẹ́ ńlá."

Mo wá dé ojú ewé kẹsàn-án. N óò da ọ̀rọ̀ rẹ kọ padà sí ọ, kí o má baà sọ pé mo fi kún un. O ní: "Ọ̀pọ̀ olùgbọ́ fẹ́ràn orin agogo wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa ló ti ń wá. Orí téèpù ló wà ní ìlú ńlá, wáyà ni wọ́n fi ń ta á sí wa. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó fọwọ́ kàn án rí. Ọ̀pọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni a kì í tilẹ̀ tẹ́tí sí i."

Màmá ní, "Tún un kà." Mo tún un kà. Wọ́n ní, "Ta wá ni mo ń kí?"

Moses, tó ní àlàyé fún ohun gbogbo, ń wo bàtà rẹ̀.

Ìwọ tí o mọ̀wé tó bẹ́ẹ̀, ìwọ wá dá wọn lóhùn. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni ìyá rẹ fi ń kí téèpù. Wọ́n bi téèpù léèrè bóyá ó ti jẹun. Irọ́ kékeré kan tí o fi sá fún lẹ́tà kíkọ ni, mo gbà pé o kò ní ibi lọ́kàn. O kàn fẹ́ kí ó rọ̀ ọ́ lọ́rùn ni. Mo mọ àwọn ọ̀lẹ púpọ̀ ní Àfàò yìí, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fi irin gíga tó báyẹn ṣe ọ̀lẹ.

Màmá dìde lọ sábẹ́ igi gúáfà, wọ́n fọwọ́ ara wọn fa wáyà náà já. Wọ́n ká a dáadáa, wọ́n gbé e fún mi pé yóò wúlò. Aṣọ ni mò ń sá sórí rẹ̀ báyìí. Mo ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká bọ́ aṣọ dúdú yìí, ọmọ yín kò kú." Wọ́n ní, "Orin ló sọ fún mi pé ó wà, irọ́ ni. Orin kò wá mọ́, mo ní ó ti kú, irọ́ ni. Bébà lo wá fẹ́ kí n gbà gbọ́? Ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ wọ aṣọ yìí, òun ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ọ lára mi. Kó wá s'ulé." Bí o bá ti gbàgbé, ulé ni à ń pe ilé níbí.

A ti gbìyànjú gbogbo ọ̀nà tó rọrùn fún ọ. Moses ní kí á gbé wọn lọ sí Adó kí o lè bá wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù. Màmá ní àwọn ti bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ tó láyé àwọn. Mo lọ bá Bàbá Fáníyì pé kí wọ́n yọ orúkọ rẹ kúrò láàárín àwọn òkú. Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní, "Àrìnpé, ìjọ ti gbàdúrà lé e lórí. Lẹ́tà kò lè jáde wá dúró níwájú pẹpẹ. Kí òun fúnra rẹ̀ wá, kó dúró, kí ìjọ rí i, a ó sì dúpẹ́." Nítorí náà, òkú ni ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa títí di òní.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí ni mo ń sọ fún ọ yìí, n kò fi dẹ́rù bà ọ́. Màmá kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, wọ́n ní àwọn kò lè wọ aṣọ ọ̀fọ̀ ẹni tó wà láàyè lọ síwájú Ọlọ́run. Oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ kò tó ti ọmọdé. Wọ́n ti rù débi pé aṣọ dúdú yẹn ń yí wọn po lẹ́ẹ̀mejì. O kọ ọ́ pé bí ìwé yín bá parí, bóyá ní ọdún tó ń bọ̀, wàá gbìyànjú láti yọjú. Èmi tó ń tọ́jú wọn kò rí ọdún tó ń bọ̀ nínú ara wọn. Bí wọ́n bá kú nínú aṣọ tí wọ́n wọ̀ nítorí rẹ, ìwọ tí o ń jẹun tí o ń tọ́jú òdòdó, inú aṣọ náà ni n óò sin wọ́n sí. Ẹ wá tẹ ìyẹn sínú ìwé ìtàn yín.

Wá kí Àjíǹde tó dé. Má mú ẹ̀bùn wá, má mú rédíò wá. Pálọ̀ ni wàá sùn, nítorí Moses ti san owó yàrá di oṣù Kẹfà, n kò sì ní dá owó padà nítorí ẹni tó ti kú. Mú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn rẹ dání. Ní ti rédíò tí o béèrè, Màmá ní àwọn yóò fún ọ, ṣùgbọ́n láti ọwọ́ sí ọwọ́.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ìlera tí a kò ní máa fi etí wá kiri. Kí ó má ṣe jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ máa gbọ́ àlàáfíà rẹ lẹ́nu irin nígbà ogbó rẹ. Kí ó mú ọ gun ọkọ̀ láyọ̀, kí ó mú ọ sọ̀ láyọ̀, kí ó sì jẹ́ kí o bá ẹni tí o ń bọ̀ wá rí.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ dàgbà,
Àrìnpé.

Àfikún: Mo yọ bátìrì inú rédíò, mo fi wọ́n sínú tọ́ọ̀ṣì. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú kí o tó dé, tí kò sí iná, má wọlé lójijì. Dúró lábẹ́ igi gúáfà kí o pe Màmá, n óò tan tọ́ọ̀ṣì sí ọ lójú kí wọ́n lè rí ẹnu tí ohùn náà ti ń jáde. Àwọn bátìrì náà kò tuntun mọ́, Ládépọ̀. Má jẹ́ kí wọ́n tán kí o tó dé.